Àjákù Ìwé, Gọ́ọ̀mù àti Ìjókòó Ojoojúmọ́

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó parí nílé kan ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, ìwé tó wọlé kì í ṣe díẹ̀. Ìwé ìkésíni ìgbéyàwó tí wọ́n fi àwọ̀ góòlù tẹ orúkọ sí lára wà níbẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni rìsíìtì POS, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà, páálí ìṣáná, páálí Indomie, lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò ọtí tí ilé ìpọntí Iléṣà ń gbé jáde, àti kàlẹ́ńdà èṣí tí wọ́n fi ṣe ìrántí olóògbé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn a máa bọ́ sórí ààtàn. Àwọn kan sì wà tí ọwọ́ wọn kì í gbà kí wọ́n jù ú nù, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ wù wọ́n tàbí pé lẹ́tà ara rẹ̀ dára lójú. Wọn a kì í bọ àárín ìwé, wọn a kì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, títí yóò fi di òkìtì tí ará ilé ń kùn sí. Àwọn ni a kọ orí yìí fún. Ohun tí a fẹ́ sọ fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ: kíkójọ kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, lílẹ̀ ni iṣẹ́. Nǹkan méjì ló sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ òkìtì bọ́ sídìí iṣẹ́: kí àwòrán náà kéré, kí a sì máa jókòó tì í lójoojúmọ́. Àwòrán àlẹ̀mọ́ ni a ó máa pè é níbí. Àwọn tó lọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà mọ̀ ọ́n sí kọ́láàjì.

Ẹni tó bá sọ pé àṣà òyìnbó ni kí àgbàlagbà máa fi àjákù ṣe ọnà, ó dára kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Iléṣà, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ jáde ní oríṣiríṣi ibi. Etí ni wọ́n fi gbé àpáàdì náà dúró, wọ́n tò ó ní ìlà-ìlà, ní ibòmíràn wọ́n sì há òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ kí ọnà lè yọ. Èyí ti wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí Picasso àti Braque tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bébà mọ́ àwòrán ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1912. Ẹ tún wo ẹ̀kú eégún: aṣọ lórí aṣọ, aláràn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹkárá, èyí tí baba ńlá fi sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ọmọ ọmọ rà nígbà ọdún tó kọjá. Ìdílé ń fi abala tuntun kún un bí ọdún ti ń yí, kò sì sẹ́ni tó ń retí pé kí gbogbo aṣọ náà pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí a di èyí mú, nítorí ohun tó ń pa àwọn akówèéjọ lára jù ni ìrètí pé àkójọ wọn yóò pé lọ́jọ́ kan.

Àtakò tí a máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Èmi ò mọ àwòrán yà.” Òṣogbo fúnra rẹ̀ ti dá a lóhùn. Lọ́dún 1962, òṣèré Dúró Ládípọ̀ àti òyìnbó tó ń jẹ́ Ulli Beier dá ibùdó ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ nílùú náà, Denis Williams tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Guyana sì darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọnà àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1964, Georgina Beier darí òmíràn. Púpọ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ọnà rárá. Ìdí eré ni wọ́n wà. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó. Jimoh Buraimoh ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Ẹ wo ohun tí Buraimoh wá ṣe: kò du ọ̀nà yíyà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ìlẹ̀kẹ̀ ló mú, ìlẹ̀kẹ̀ tí Yorùbá ti ń fi dárà sára adé ọba láti ayébáyé, ó sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó títí tí ojú ènìyàn fi yọ láàárín rẹ̀. Àwòrán àlẹ̀mọ́ nìyẹn, àfi pé ìlẹ̀kẹ̀ ló wà nípò bébà. Twins Seven-Seven náà padà ń gé pílíwúùdù, ó ń tò ó léra, ó sì ń kùn ún. Ohun tí àwọn méjèèjì ní kì í ṣe ọwọ́ tó lè ya ìka ẹsẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Wọ́n mọ ibi tí ẹyọ kan yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Kò yẹ kí a pa ẹnu mọ́ lórí àríwísí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn kan ti bẹnu àtẹ́ lu ọnà Òṣogbo pé òyìnbó ló ṣe agbátẹrù rẹ̀, òyìnbó ló sì rà á, pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ kò lè bí ayàwòrán. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn rí àyè, wọ́n rí irinṣẹ́, wọ́n rí ẹni tó ń wo iṣẹ́ wọn, wọ́n sì rí oníbàárà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọn jókòó kọ́ ni a mọ̀ lónìí. Àwọn tí a mọ̀ ni àwọn tí wọn kò dáwọ́ dúró nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, bí Múráínà Oyèlámì ará Ìràgbìjí àti Rufus Ogundele. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi Òṣogbo ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ díẹ̀ tó, ó ti ṣì í kà. Ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ díẹ̀ lè tó bí ọwọ́ kò bá kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹni tó dá wà nílé, tí kò ní Georgina Beier tàbí oníbàárà, aago ojoojúmọ́ ni yóò fi rọ́pò wọn.

Kí wá ni “ojoojúmọ́” túmọ̀ sí níbi iṣẹ́ yìí? Ibí ni ọ̀pọ̀ ń gbà kọsẹ̀, nítorí wọ́n rò pé dandan ni kí àwòrán kan parí lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Mary Delany, opó ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti pé ẹni ọdún 72 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé bébà aláwọ̀ láti fi ṣe òdòdó, bíi lọ́dún 1772. Ojú rẹ̀ ṣú ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó sì ti ṣe 985, tí wọ́n wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Bí a bá pín in, ẹyọ kan ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Anne Ryan ti New York rí iṣẹ́ àlẹ̀mọ́ Kurt Schwitters níbi àfihàn kan lọ́dún 1948, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 58, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àwòrán kéékèèké láti inú bébà àti aṣọ. Ó kú lọ́dún 1954, ó fi nǹkan bí 400 sílẹ̀: ẹyọ kan ní bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kò sí èyí tó parí ẹyọ kan lóòjọ́ nínú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí iye náà ṣe lè jọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá wù ú ṣe. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú mọ ìṣirò yìí: àwìn ni wọ́n ń tà, díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbowó kì í kọjá láìjẹ́ pé wọ́n yọjú. Ìyọjú ni ojoojúmọ́ béèrè. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá gbà, ẹ ó lẹ àwòrán kan tán. Lọ́jọ́ tí kò bá gbà, ẹ lè gé etí ìwé mẹ́rin kí ẹ sì tò wọ́n wò. Àárín ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Ẹni tí ọjà kò bá jẹ́ kó nísinmi lọ́sàn-án lè ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bí iná bá wà. Gígé àti títò rọrùn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kí ẹ fi yíyan àwọ̀ sílẹ̀ di ojúmọmọ, nítorí iná tọ́ọ̀ṣì ń parọ́ fún aláwọ̀ búlúù.

Ìwọ̀n ni èkejì. Àmọ̀ràn tiwa ni ìwọ̀n fọ́tò 4 sí 6 ínṣì, nítorí ìdí tó ju ẹwà lọ: ọ̀pọ̀ ilé ló ní álíbọ́ọ̀mù tó gba ìwọ̀n náà, gbogbo ẹni tó ń fi gíláàsì sí fọ́tò ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó nípọn tàbí ẹ̀gbẹ́ páálí bàtà ni kí ẹ gé sí ìwọ̀n yìí, kí ẹ gé ogún tàbí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí àìsí ìpìlẹ̀ má baà di àwáwí. Àwọn kan yóò sọ pé kékeré kò ṣeé gbé kọ́ sára ògiri, pé ènìyàn ò lè fi ṣògo. Bẹ́ẹ̀ ni. Àǹfààní rẹ̀ gan-an nìyẹn: ohun tí ẹ kò lè fi ṣògo, ẹ ò ní bẹ̀rù láti bà á jẹ́. Pátákó ńlá ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ yóò ra gọ́ọ̀mù tó dáa sí i, yóò wá bébà tó dáa sí i, yóò sì sùn.

Ẹ jẹ́ kí páálí bàtà kan jẹ́ ààlà àkójọ yín. Tó bá kún, ẹ lẹ̀ lára rẹ̀ tàbí kí ẹ jù lára rẹ̀ nù; ẹ má wá páálí kejì. Èyí ni èsì fún ará ilé tó ń kùn pé pàǹtí ni ẹ ń kó. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn bí ìwé bá ń wọlé tí kò jáde. Nínú páálí náà, ẹ má ṣe pín in sí “ìwé ìròyìn” àti “ìwé ìkésíni”. Ẹ pín in sí mẹ́ta: èyí tó mọ́lẹ̀, èyí tó ṣókùnkùn, èyí tó wà láàárín. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ń gbé àwòrán kékeré dúró kí ojú tó mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ìwé ìròyìn tí òróró àkàrà ti wọ̀ kò gba gọ́ọ̀mù, ẹ jù ú. Àpò sìmẹ́ǹtì oníwèé dára gan-an, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀, kò sì tètè ya, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì ti di ọ̀rá báyìí. Bí ẹ bá rí oníwèé, ìta gbangba ni kí ẹ ti gbọ̀n ọ́n, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì bọ́ awọ inú lò. Lébẹ́ẹ̀lì ìgò, ẹ rì í sínú omi títí yóò fi ṣí fúnra rẹ̀, kí ẹ sá a sórí ọ̀rá. Rìsíìtì POS ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ooru ló kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀, kì í ṣe tàdáwà, nítorí náà láàárín oṣù díẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lè parẹ́, bí oòrùn bá sì pa á, gbogbo rẹ̀ lè dúdú. Ẹ fi èékánná ha á. Bí ojú ibẹ̀ bá dúdú, irú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣe fótókọ́pì rẹ̀, kí ẹ sì lẹ fótókọ́pì náà.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù gba àlàyé díẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò dára, ó ń lẹ̀ ṣinṣin, bó bá sì gbẹ ojú rẹ̀ ń mọ́. Ẹ fi omi díẹ̀ là á. Èyí tó wà nílé ṣáájú rẹ̀ ni láfún, tí kò wọ́n ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo tàbí ní ọjà Àtakúnmọ́sà n'Íléṣà. Àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni wọ́n ń sè tí wọ́n sì ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà rẹ̀ sára aṣọ kí aró má baà dé ibẹ̀. Ẹ po ṣíbí láfún kan mọ́ omi tútù ṣíbí méjì kí ó má ṣe kókó, ẹ da omi ṣíbí mẹ́fà sí i, ẹ gbé e sórí iná díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dán. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Kò kọjá ọjọ́ méjì kó tó kan. Àwọn aláàdìrẹ a máa fi álọ́ọ̀mù sí tiwọn. Ẹ̀yin ẹ má fi sí i, nítorí álọ́ọ̀mù ń jẹ bébà díẹ̀díẹ̀. Ìbùkù láfún ni pé aáyán àti kòkòrò ajẹ̀wé fẹ́ràn rẹ̀ bí oúnjẹ, nítorí pé oúnjẹ náà ni. Schwitters, tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tì mọ́ àgọ́ ní Isle of Man lọ́dún 1940 nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Kò rí ohun èlò, ó sì ń fi ẹ̀kọ òyìnbó mọ ère. Ère náà hu, ó ń rùn. Ẹni tó bá fi láfún lẹ àwòrán tí kò jẹ́ kó gbẹ dénú, ìrírí yẹn kò jìnnà sí i.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́yìn àjákù náà, láti àárín lọ sí etí, kí ẹ gbé e sáyè rẹ̀, kí ẹ fi ìwé mímọ́ bò ó, kí ẹ sì fi aṣọ tẹ̀ ẹ́. Bébà tó bá mu omi a máa fẹ̀. Bó bá ń gbẹ, a súnkì, a sì fa páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kọdọrọ. Ìdí nìyẹn tí àwòrán àlẹ̀mọ́ ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ fi ń ká bí ewé gbígbẹ. Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ lẹ bébà mìíràn tó tó ìwọ̀n náà mọ́ ẹ̀yìn páálí, kí ìfà iwájú àti ti ẹ̀yìn dọ́gba, kí ẹ sì tò ó sábẹ́ ìwé wíwúwo mọ́jú.

Ní ti títò gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjákù mẹ́ta péré: ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan tí kò bá àwọn yòókù mu. Ẹ má tíì fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Ẹ sún wọn síwá, sún wọn sẹ́yìn, ẹ yí wọn po kí lẹ́tà dorí kodò, kí ẹ má baà máa kà á dípò kí ẹ máa wò ó. Abẹ fẹ́lẹ́ àti rúlà ń fún yín ní etí gígún. Ọwọ́ ń fún yín ní etí yíya tí funfun inú bébà ń yọ lára rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìlà ọ̀fẹ́ tí ẹ kò fi pẹ́ńsù fà. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ láìlẹ nǹkan sí i. Olùbẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, ó máa ń rò pé àyè òfìfo jẹ́ àìparí iṣẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjákù dí i bí ẹni ń dí ihò eku.

Ohun mẹ́ta ni sísọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kàn láìronú. Owó náírà ni àkọ́kọ́, bó ti wù kó gbó tó: òfin báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 ka bíba náírà jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù mẹ́fà, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì dín ní ₦50,000, wọ́n sì lè so méjèèjì pọ̀. Èkejì ni ìwé tí ọ̀rọ̀ mímọ́ wà lára rẹ̀, pàápàá kàlẹ́ńdà tí wọ́n kọ ẹsẹ Àlùkùránì sí. Ẹ gbé ọ̀wọ̀ ẹlẹ́sìn ṣáájú ọnà. Ẹ̀kẹta ni ìwé ètò ìsìnkú, òun sì ni ẹnu kò kò lé lórí. Àwọn kan ní gígé rẹ̀ jẹ́ àfojúdi sí òkú. Àwọn kan ní ó sàn ju kó jókòó sí ọwọ́ ẹlẹ́pà lọ, ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń já sí nìyẹn. Ní tiwa, ojú olóògbé kò ṣeé gé, orúkọ rẹ̀ náà kò ṣeé gé sí méjì. Ṣùgbọ́n ìgbátí aláwọ̀ elésè-àlùkò tó yí ojú ewé po, àti ìlà orin tí gbogbo ìjọ ti mọ̀ sórí, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù nílé kì í ṣe ti sísọ́ọ̀sì rárá.

Ìwé ìròyìn yóò pọ́n bó ti wù kí ẹ ṣe é tó, nítorí igi tí wọ́n lọ̀ ṣe é kò ní ìfọ̀mọ́ tó pọ̀. Ẹni tí èyí bá ń dùn lè ṣe fótókọ́pì aláwọ̀. Ẹni tí kò bá dùn lè kà á sí ara àwọ̀ àwòrán náà. Lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ibi tí àjákù rẹ̀ ti wá, kí ẹ tó tì í bọ inú álíbọ́ọ̀mù. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, kí álíbọ́ọ̀mù má fara kan ògiri, kí ó má sì sí nílẹ̀, nítorí ikán lè gba inú ògiri wọlé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ní ìparí oṣù, ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí ẹní lójúmọmọ. Èyí tí ojú yín bá ń fò kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ dá a padà sínú páálí bàtà, èyí tó mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ èyí tó mọ́lẹ̀.